Wọ́n mọ ohùn mi káàkiri Ìlọrin, àmọ́ owó ilé ń fún mi lọ́rùn. Kí ni kí n ṣe?

Ohùn_Gàá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́, n kì í kàn sọ̀rọ̀ ni. Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mò ń ṣe. Mo ní ètò kan lórí rédíò láàárọ̀ Sátidé, ọ̀rọ̀ àṣà àti oríkì, àwọn ará ìlú a sì máa pè wọlé. Mo tún máa ń jókòó síwájú kámẹ́rà lórí tẹlifíṣọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èmi àti obìnrin kan la jọ ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, n ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan.

Wàhálà mi rèé. Tí mo bá wọ kòrópe láti Gàá Akanbí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Ẹ jẹ́ n sọ̀ ní Challenge o", ẹni tó jókòó níwájú á ti yíjú padà: "Àbí ẹ̀yin lẹ wà lórí rédíò?" Kí wọ́n máa kí mi ò burú. Àwọn kan á wá ní kí n bá wọn san owó ọkọ̀. Onílé mi náà gbọ́ ohùn mi, ló bá fi owó kún owó ilé, ó ní ẹni tó ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kò yẹ kó máa yọ́ owó san.

30,000 náírà ni rédíò ń fún mi lóṣù, wọ́n sì ní owó ọkọ̀ ni, kì í ṣe owó oṣù. Tẹlifíṣọ̀n ò fún mi ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní ojú mi ni àwọn ń bá mi polówó. Òde tí mo bá ti ṣe èmsíì ni mo ti ń rí nǹkan gidi, àmọ́ tí Ràmàdáánì bá ti wọlé, òde ti parí nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi báyìí. Ilé-iṣẹ́ rédíò mìíràn ní kí n wá ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, 20,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n máa wá onígbọ̀wọ́ fúnra mi. Ilé-ìwé aládàáni kan náà fẹ́ kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, 70,000 lóṣù. Ti ilé-ìwé ni ìyàwó mi fara mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àdìsá Adéwọlé
Lọ gba iṣẹ́ ilé-ìwé. 70,000 yẹn ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024, kò pọ̀, àmọ́ ó dájú. Èèyàn kì í fi òkìkí se ọbẹ̀. Sátidé ṣì wà fún rédíò rẹ. Ìyàwó rẹ ríran.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ò tíì ṣe iṣẹ́ yìí rí. Èmi ń ra àkókò, mo sì wà láàyè. Ohùn_Gàá, jẹ́ n ṣí ìwé ìṣirò mi fún ọ.

20,000 lọ́nà mẹ́rin, 80,000 nìyẹn lóṣù. Àmọ́ rántí pé oṣù mìíràn ń ní Sátidé márùn-ún! Oṣù yẹn, 100,000 ni wàá san, onígbọ̀wọ́ rẹ kò sì ní fi kọ́bọ̀ kún tiẹ̀, torí owó oṣù lẹ jọ dá, ẹ ò dá ti ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ ń jábọ́.

Onígbọ̀wọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan ń ta sìmẹ́ǹtì, ẹnì kan ń ta ilẹ̀ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹnì kẹta ń ta àgbo. 40,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san. Ìyẹn jẹ́ 120,000, èrè 40,000 lórí ìwé. Lórí ìwé ni mo sọ o. Ilé-iṣẹ́ ń gba owó tiwọn kí o tó ní "Ẹ káàárọ̀", onígbọ̀wọ́ sì ń san tiẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Oní-sìmẹ́ǹtì yẹn, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ń gbé àga fún mi kí n tó kí wọn. Tún yọ owó ọkọ̀ tí o fi ń lé gbèsè, yọ dátà, yọ nǹkan tí o máa fún ẹni tó mú oníbàárà wá.

Nítorí náà, má fọwọ́ síwèé àfi tí o bá ní onígbọ̀wọ́ mẹ́rin, kí méjì nínú wọn ti san oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Kí o sì béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà bóyá ìpolówó tí o mú wá, tìrẹ ni gbogbo ẹ̀ tàbí wọ́n máa gé níbẹ̀. Àwọn kan á ta àkókò fún ọ tán, wọ́n á tún ní kí o mú ìdá kan wá nínú ìpolówó. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ èèyàn kì í bá ẹni tó di máìkì mú jà lẹ́yìn tó bá ti sanwó.

Ìyá Ọlọ́fì
Ẹ jẹ́ kí onígbọ̀wọ́ náà sọ tẹnu ẹ̀. Aṣọ òfì ni mò ń tà. Mo ti sanwó fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan rí, ó kà á lóòótọ́, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin. Àṣé ọ̀sán Jímọ̀ ló máa ń kà á, àsìkò tí gbogbo ọkùnrin ilé wà ní mọ́sálásí, tí àwa obìnrin náà ń kírun. Ta ló ń gbọ́ ọ? Nígbà tí mo ní kó mú ohùn tó kà wá kí n gbọ́, ó ní ilé-iṣẹ́ ò fún òun.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá wọlé wá rajà ni mò ń bi pé "Níbo lẹ ti gbọ́ wa?" mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá fẹ́ owó mi, kó fi ohùn ìpolówó náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ tó bá kà á, kó sì jẹ́ kí n mọ wákàtí rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ èyí lẹ́nu ara yín rárá. Ọ̀rọ̀ bí ẹ ó ṣe gbowó nìkan lẹ ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gba aṣọ dípò owó, ẹ fi sílẹ̀. Ẹnì kan gba òfì lọ́wọ́ mi fún ìpolówó, ó lọ tà á ní ẹ̀dín, òun àti èmi wá di oníṣọ́ọ̀bù kan náà.

Àgbà Ìdófíàn
Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, ìjọba nìkan ló ní rédíò. Ọdún 1992 ni òfin tó dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀ jáde, tó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn aládàáni. Ẹ yí rédíò yín ní Ìlọrin lónìí: Unilorin FM wà lórí 89.3, Albarka 89.9, Royal 95.1, Midland 99.1, Sobi 101.9, Harmony 103.5 láti Ìdófíàn, n ò sì tíì kà wọ́n tán. Àwọn ọlọ́jà kan náà ni gbogbo wọn ń kan ilẹ̀kùn fún. Ọlọ́jà wá mọ̀ pé òun lè yan èyí tó bá pọ́ọ́kú. Tí wọ́n bá ń sọ fún ọ pé "ojú rẹ là ń bá ọ polówó", ìdí kan nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe àwáwí. Òṣìṣẹ́ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáṣiṣẹ́ ní ohùn rẹ̀ àti àdéhùn tó bá fọwọ́ sí. Ìwọ, Ohùn_Gàá, o ò sí nínú òṣìṣẹ́, o ò sì ní àdéhùn. Àárín ọjà ni o dúró sí. Lọ bá ẹgbẹ́ FIBAN, ẹgbẹ́ àwọn aládàáṣiṣẹ́ orí rédíò, kí o bi àwọn àgbà ibẹ̀ ní iye tí àkókò ń lọ ní tòótọ́ kí o tó gba 20,000 yẹn bẹ́ẹ̀.

Gbenga Adeboye tí gbogbo yín mọ̀, ó ṣe rédíò, ó ṣe èmsíì, ó sì ṣe àwo. Kò fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró.

Ọmọ Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ alágbo tí o sọ kọjá yẹn kò dára. Tí alágbo bá ní òun wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ̀díjẹ̀dí nínú ìgò kan, tí ìwọ sì kà á sórí afẹ́fẹ́, ilé-iṣẹ́ ni NBC máa bu owó ìtanràn lé. Ìwọ ni ilé-iṣẹ́ máa lé jáde.

Ọmọ Ọ̀fà
Bàbá, ẹ ṣeun. Àmọ́ alágbo tèmi ní nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò rẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i.

Àgbà Ìdófíàn
Nọ́ńbà ara ìgò jẹ́ ti ọjà. Ìpolówó náà ní ìwé àṣẹ tiẹ̀ tí NAFDAC máa fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ tí ìwọ máa kà gan-an ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ní kó mú ìwé yẹn wá, kí o sì ka ohun tó wà nínú ẹ̀ nìkan. Tí o bá fi "ó ń wo gbogbo àrùn" kún un láti ẹnu ara rẹ torí pé ohùn gbé ọ, ìwọ lo sọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀fà
Ìyẹn ni n ò mọ̀. Màá bi í.

Alága_Ọmù
Alága ìjókòó ni mí, Ọmù-Àrán ni ilé, mo sì ń ṣe òde dé Orò, Ìgbájà, títí wọ Ìlọrin. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ti sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó rí ohun tó ń jẹ ọmọkùnrin yìí níyà. Àárọ̀ SÁTIDÉ ni ètò rẹ̀! Ọjọ́ wo ni ìyàwó ń gbé? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe òkú àgbà? 30,000 owó ọkọ̀ ni o fi ń so ara rẹ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí owó wà ní ìta. Kí o tó parí ètò, kí o tó wọ ọkọ̀ dé Àjàṣẹ́, wọ́n ti tú ìdì ẹ̀bùn tán. Ní kí wọ́n gbé ètò náà sí Tuesday tàbí Wednesday, tàbí kí ẹ gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.

Ẹ̀ẹ̀kejì, òde Ìlọrin kì í ṣe òde Ìgbómìnà. Ní Ìlọrin, tó bá jẹ́ yìgì tàbí wòlímọ̀, Alfa ló ni máìkì. Tí wáàsí bá wọra, ìwọ á jókòó sẹ́yìn títí oúnjẹ á fi jáde. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ṣe àpèjẹ ni tìrẹ, kí o sì ti béèrè bóyá ìlù máa wà, torí ìdílé mìíràn kò fẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìdúró àti ìjókòó ni. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìwọlé, owó lẹ́tà, bàbá gbọ́, ìyá gbọ́, gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sínú abọ́, ìdílé àti alága sì ti máa mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni kí ọjọ́ tó pé. Èmi máa ń sọ ọ́ níwájú ìyá ìyàwó, kò sí "mo rò pé" lọ́jọ́ náà.

Iye owó: má ṣe dá owó lórí fóònù kí o tó mọ ìlú, wákàtí, iye èèyàn àti ẹni tó ń lùlù. Ìdajì sílẹ̀ kí o tó kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, ibùsùn lọ́tọ̀ tó bá di alẹ́. Owó tí wọ́n bá ná mọ́ ọ lórí, kí ìwọ àti olórí onílù ti sọ bí ẹ ó ṣe pín in, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń já náírà gbà lẹ́sẹ̀ ara wọn níwájú àlejò.

Ràmàdáánì tí o ń sunkún lé lórí, ta ni kò mọ̀ pé ó ń bọ̀? Tí ìtúnu bá ti kọjá, ìyàwó á máa gbé lọ́tùn-ún lósì ní Ìlọrin. December sí January, ọjọ́ ìlú, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì àti ìgbéyàwó kún Ìgbómìnà, a ń kọ òde ni. Owó oṣù méjèèjì yẹn ni èmi fi ń jẹun di àsìkò òjò.

Kọ̀ǹpútà Tánkẹ́
Alága, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Kí n fi ti orí ayélujára kún un.

Ètò oríkì àti àṣà dára fún YouTube ju bí ẹ ṣe rò lọ, àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ń wá a. Kí YouTube tó máa pín owó ìpolówó fún ọ, o gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó ti subscribe, àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wò ó láàárín oṣù 12. Facebook náà ti ń sanwó fún àwa tó wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2024. Má retí owó ilé níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ohun méjì tó ń ba ti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n á gbé odindi ètò sókè pẹ̀lú orin dadakúàdá ti Odolaye Aremu lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni orin á wá gba owó tó bá wọlé. Sọ̀rọ̀ lórí ìlù tí o sanwó fún onílù kó lù fún ọ. Èkejì, ta ló ni ètò náà? Tí ilé-iṣẹ́ bá gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, wọ́n lè ní kí o yọ ọ́. Bí o bá fẹ́ ra àkókò, kí àdéhùn sọ ọ́ kedere pé o lè gbé ètò rẹ síbi tó bá wù ọ́.

Jíńgù náà wà, ìpolówó kúkúrú tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. O ò nílò ilé-iṣẹ́ kankan fún ìyẹn, yàrá kan tí kò pariwo, máìkì gidi, aṣọ tó nípọn lára ògiri. Àwọn ilé-ìwé, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń ta ilẹ̀, gbogbo wọn ń wá ohùn Yorùbá tó mọ́.

Onílé_Kan
Èmi náà ní ayálégbé tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. N ò fi owó kún tiẹ̀ torí rédíò o, sìmẹ́ǹtì ló wọ́n. Àmọ́ tí o bá ń sọ lórí afẹ́fẹ́ pé "èmi àti àwọn olówó la jọ jẹun lánàá", kí lo fẹ́ kí onílé gbọ́?

Ohùn_Gàá
Ẹ̀rín pa mí, bàbá onílé, ẹ̀yin ti gbọ́ ètò mi nìyẹn 😂

Ẹ ṣeun gan-an. Kí n dáhùn. Alága, ẹ fọwọ́ ba egbò. Mo ti kọ òde sílẹ̀ nítorí Sátidé yẹn rí. Àmọ́ wọn ò lè gba ètò náà sílẹ̀ torí pé àwọn èèyàn ń pè wọlé, ìpè yẹn sì ni àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ gbọ́ ọ. Màá béèrè nípa Wednesday. Bàbá Àgbà, lóòótọ́ ni, n ò ní ìwé kankan lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí n kò sọ ṣáájú ni pé ilé-ìwé náà ní ẹ̀kọ́ àfikún láàárọ̀ Sátidé, dandan sì ni.

Àdìsá Adéwọlé
Háà, ìyẹn yàtọ̀ o. Kí wọ́n gba Sátidé rẹ pẹ̀lú 70,000? Bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí owó náà wálẹ̀. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń gbà fún olùkọ́ Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í rí èyí tó dáńtọ́. Tí wọ́n bá kọ̀, n ò ní sọ pé kí o lọ mọ́.

Ìwé_Owó
Ẹ jẹ́ n gbé díẹ̀ kalẹ̀ lórí ìwé, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Fi orúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, kí o ṣí àkáǹtì lórúkọ náà. Báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá fẹ́ ṣe ìpolówó kò ní sanwó sí àkáǹtì ara ẹni, wọ́n á béèrè ìwé owó (invoice) àti nọ́ńbà owó orí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó orí dẹ́rù bà yín: láti January 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí lọ́dún, kò sí owó orí lórí ẹ̀. Òde, jíńgù, owó ìpolówó, kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni kò lè sọ iye tó wọlé lọ́dún tó kọjá.

Alága_Ọmù
Àsìkò ìdìbò ń bọ̀ náà o. Àwọn olóṣèlú á wá ohùn. Ẹ má pàdánù ẹ̀.

Àgbà Ìdófíàn
Ìyá wa, ẹ rọra. Kó gba iṣẹ́ ìpolongo tó ní ìwé owó, tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí, kò burú. Owó inú àpò ìwé tí wọ́n bá fún un ní kọ̀rọ̀ kó lè máa bú ẹnì kan nínú ètò àṣà, ìyẹn ni kó sá fún. Ẹgbẹ́ tó bá wọlé ń lọ láàárín ọdún mẹ́rin, àwọn tó gbọ́ ọ ṣì wà ní Ìlọrin. Òfin ìdìbò sì sọ pé ìpolongo gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Mo rí ẹni tó ka jíńgù olóṣèlú láàárọ̀ ìdìbò, ó ní òun gbàgbé.

Alága_Ọmù
Bàbá, ẹni tí ebi ń pa kì í béèrè àpò wo ni. Àmọ́ mo gbọ́.

Ohùn_Gàá
Mo ti bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, 45,000, kò sí Sátidé. Màá lọ béèrè Wednesday ní rédíò. Tẹlifíṣọ̀n, mo ti kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa mú onígbọ̀wọ́ kan wá fún ètò náà, kí a pín owó rẹ̀, wọn ò tíì fèsì. N ò ní ra àkókò báyìí, ó di ìgbà tí mo bá rí onígbọ̀wọ́ mẹ́rin. Ìyá Ọlọ́fì, ṣé mo lè wá rí yín?

Ìyá Ọlọ́fì
Wá, má wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mú ohùn ètò rẹ méjì dání kí n gbọ́. Oṣù mẹ́ta ni màá kọ́kọ́ ṣe, màá san oṣù kan sílẹ̀, ìpolówó mi kò sì gbọdọ̀ tẹ̀lé ti alágbo. 25,000 lóṣù ni mo ní lọ́kàn.

Ọmọ Ọ̀fà
Ìyá wa, 25,000 kẹ̀? 40,000 ni àwọn tèmi ń san! Ẹ má bá wa ba ọjà jẹ́ o.

Ìyá Ọlọ́fì
Oní-sìmẹ́ǹtì rẹ ń san 40,000, o sì ń lọ jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí o tó rí i gbà. 25,000 tèmi, ọwọ́ ni màá fi kà á fún un.